Ṣẹ́ńsọ̀ Méjì àti Imú Ìyá Mi

Ó tó ọdún kan àbọ̀ tí iná kékeré kan fi ń tàn lójú dáṣìbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi kí n tó fi sítíkà bò ó. Iná náà pọ́n bí ọsàn, àwòrán ẹ́ńjìnì ló wà lára rẹ̀, ojú mi ló sì máa ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá há sínú gosiló. Mo kọ́kọ́ máa ń gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kò tó mọ́, mo mú ọ̀kan nínú àwọn sítíkà tí a pín níbi wòlímọ̀ àwọn ìbejì mi, èyí tí àwòrán àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan dé fìlà, èkejì da ìbòrí bo orí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ mi ló ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ojú dáṣìbọ́ọ̀dù. Ọkàn mi balẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka èyí á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí kò gbọ́n. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán lójú mi, bàbá mi ló ni ín. Ó rà á nígbà tó fẹ̀yìn tì, tòkunbọ̀ ni, ọkọ̀ náà sì ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà ní Ìkòsì, tó di ilẹ̀kùn mú gírígírí bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, tó sì ń sọ pé òun kò bẹ̀rù. Nígbà tó kú, èmi ni wọ́n fún. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ òdì sí ọkọ̀ náà lójú mi, bàbá mi ló bú. Ọkọ mi sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó ń mu epo jù, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi dá a lóhùn dáadáa. Àbúrò mi ọkùnrin pè é ní àlòkù nígbà tí mo ń gbé e bọ̀ láti Gbàgádà. Mo ní kó sọ̀kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn, ó sì sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Inú máa ń tètè bí mi, ó sì máa ń tètè rọ̀, ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, ẹnu mi á ti ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ omi ní Ògùdù ni mo wà, èmi ni mo sì jókòó sídìí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti ń wá fẹjọ́ sùn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹjọ́ ni mò ń gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń ké, ẹ̀rọ tó ń jò, ẹ̀rọ tó gbé omi lónìí tó kọ̀ lọ́la. Màá fún wọn ní àga, màá fún wọn ní omi tútù, màá ní kí wọ́n má mikàn, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá mi sọ pé òun kò rí ẹni tó ní sùúrù tó mi rí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo máa ń lọ gbé ìyá mi ní ọjà Mile 12. Àlùbọ́sà ló ń tà níbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Ìkòsì kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá kún, ìrìn kékeré náà lè gbà wá ní wákàtí kan. Èmi kò bínú sí gosiló ọjọ́ Sátidé rí. Bí a bá wà nílé, àwọn ọmọ á wà níbẹ̀, aládùúgbò á kanlẹ̀kùn, fóònù á dún. Nínú ọkọ̀, àwa méjì péré ni. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi bí bàbá mi ṣe wá kọnu ìfẹ́ sí i, tó gbàgbé bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn nígbà tó ń sá fún bàbá àgbà. Ibẹ̀ ni èmi náà ti sọ fún un pé dókítà ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò ọmú, ọ̀rọ̀ tí n kò tíì sọ fún ọkọ mi nígbà yẹn. Kò sí ibòmíràn tí mo ti ń rí ìyá mi bẹ́ẹ̀.

Lójijì, ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ mi mọ́. Kò sọ pé òun kọ̀ o. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó pè mí pé kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, òun ń lọ sí àsàlátù. Ọjọ́ Àìkú láàárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe àsàlátù wọn, ṣùgbọ́n n kò ronú kan ibẹ̀. Ní ìkejì, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ gbé òun. Ní ìkẹta, ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ìyá mi tí orúnkún ń dùn, tó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun àtẹ̀gùn ilé mi tán, òun ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Mile 12 dé Ìkòsì. Ní ìkẹrin, n kò dúró kó pè mí. Mo dé etí ọjà, mo sì rí i tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú báàgì rẹ̀ méjèèjì. Ó rí ọkọ̀ mi. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ̀kẹ́ sì gbé e lọ.

Ó dùn mí gan-an. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún díẹ̀, títí tí ọlọ́pàá ojú pópó fi wá gbá bọ́ńnẹ́ẹ̀tì mi pé kí n kúrò lójú ọ̀nà. Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, mo ti sọ fún un pé ó tó àsìkò kó fi ọjà sílẹ̀, kó wá sinmi nílé, pé ọjọ́ orí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń bá àpò àlùbọ́sà jìjàkadì. Kò dá mi lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo gbà pé ìbínú yẹn ló ń bá mi ṣe. Èmi náà wá ń bínú padà. Bí a ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, ìyá àti ọmọ tí a ń kí ara wa lórí fóònù bí ẹni tó ń kí aládùúgbò.

Ní Sátidé kẹfà, mo páàkì ọkọ̀ sí etí ọjà, mo sì fẹsẹ̀ wọlé lọ bá a. Tírélà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já àlùbọ́sà sílẹ̀ láti òkè Ọya, ìyá mi sì wà láàárín àwọn àpò náà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Bó ṣe máa ń ṣe é ni ó ń ṣe é. Kì í tú àpò. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á bẹ̀rẹ̀, á gbé imú sún mọ́ ibi tí wọ́n ti rán ìdí rẹ̀, á fà á símú, á sì sọ pé gbé e tàbí fi í sílẹ̀. Bí ẹyọ àlùbọ́sà kan péré bá ń rà ní ìsàlẹ̀ àpò tó wúwo ju ènìyàn lọ, ìyá mi á mọ̀. Àwọn Hausa tó ń kó ọjà wá ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í bá a jiyàn mọ́. Mo dúró tì í títí tó fi yẹ èyí tó kẹ́yìn wò tán, mo wá béèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ó fi ìborùn nu ọwọ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí mo bá sọ ọ́, ṣé o ò ní bínú?"

Mo ní n kò ní bínú. Mo ti ń bínú.

"Ọkọ̀ yẹn ń rùn."

Ó wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òórùn epo bẹntiróòlù ń wọ inú ọkọ̀, bí a bá sì dúró nínú gosiló fún ìgbà díẹ̀, òórùn ẹyin òbu á tẹ̀lé e. Nígbà àkọ́kọ́, òòyì kọ́ ọ. Nígbà kejì, bí mo ṣe já a sílẹ̀ tí mo yí ẹ̀yìn padà báyìí ló bì sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ẹ̀wà tí òun jẹ ni kò bá òun lára mu. Ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́ fún mi, ìyá mi tí kò mọ irọ́ pa.

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ.

"Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ? Ọkọ ẹ ló sọ ọ́ tí o di ẹnu mọ́ ọn lọ́sẹ̀ kan yẹn? Àbí àbúrò ẹ tó fẹsẹ̀ rìn láti Gbàgádà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí pé kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú rárá, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye àpò tó kù nílẹ̀. Èmi fúnra mi kò gbọ́ òórùn kankan, nítorí ọ̀fìnkìn ti bá mi gbé láti kékeré, imú mi ò yàtọ̀ sí ohun ọ̀ṣọ́. Mo wá rántí pé àwọn ìbejì máa ń yọ orí síta láti ojú fèrèsé bí mo bá ń gbé wọn lọ sílé ìwé. Mo ti máa ń rò pé atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́ràn.

Ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo yà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Kẹ́tù. Òun ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìgbà ayé bàbá mi. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọkọ̀ yìí ń rùn? Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó ní èéfín dúdú tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́jọ tí òun ti ń rí i.

"Mummy Twins, mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo kàn wo ojú yín ni."

Ó jókòó sí ipò awakọ̀, ó rí sítíkà, ó sì bi mí pé kí ni àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Mo fún un lésì pé wọ́n ń kọ́ ìwakọ̀ ni. Ó rọra fi èékánná ká a kúrò, iná náà sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń tàn rekete, kò tilẹ̀ bínú sí mi. Ó ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò rẹ̀ bọ abẹ́ sítiárìn, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó wá ní ṣẹ́ńsọ̀ méjèèjì tó ń gbọ́ òórùn èéfín ni ọjọ́ ogbó ti dé bá, èyí tó wà níwájú kátálísì tó ń fọ èéfín mọ́, àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi débi tí mo fi lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn. Imú ẹ́ńjìnì ni wọ́n. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gbọ́ òórùn ohun tí ẹ́ńjìnì ń mí jáde, kí wọ́n sì sọ fún ọpọlọ rẹ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí atẹ́gùn pọ̀ jù. Bí imú bá ti kú, ọpọlọ á máa fojú díwọ̀n, á sì máa da epo sí i. Èyí tí kò jó nínú rẹ̀ ló ń di òórùn tó ń lé ìyá mi jáde.

Ó ní ọ̀nà àbáyọ pọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà òun kì í pààrọ̀ wọn, wọ́n á ní kí oníwáyà kàn so iná yẹn pọ̀ mọ́ iná ọ́ìlì, bí èyí bá kú, ìyẹn náà á kú. Mo ní mo ti fi sítíkà ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, kó jẹ́ ká tún imú ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè bá mi wá tòkunbọ̀ rẹ̀. Mo ní rárá o, tuntun ni mo fẹ́, èmi fúnra mi ni màá sì rà á, nítorí mo mọ ọjà rà.

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn. Ní Sátidé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kẹ́tù. Ó pè mí ní Mummy, ó fún mi ní àga, ó gbé kátọ́ọ̀nù kékeré méjì jáde tí ọ̀rá wọn ń dán, ó sì búra pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú àpótí. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́wọ́ ọ̀tún, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́wọ́ òsì, mo sì mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo gbà lọ tààrà. Mo fẹ́ kó rí i kí a tó dè é mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́, bí mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu.

Ó gba kátọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, ó ṣí i, ó sì gbé ṣẹ́ńsọ̀ náà lọ sí imú bó ṣe máa ń gbé àlùbọ́sà. Ó mí sínú. Ó ṣí èkejì, ó tún mí sínú.

Ó ní, "Àwọn èyí ti wọ iná rí. Epo ni wọ́n fi fọ̀ wọ́n."

Mo ti la ẹnu láti sọ pé Màámi, èyí kì í ṣe àlùbọ́sà. Ojú wa pàdé, mo sì pa ẹnu náà dé. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Ìyá mi ká etí ìborùn rẹ̀ funfun, ó lọ́ ọ tó fi mú bí òwú fìtílà, ó sì kì í bọ àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lórí ṣẹ́ńsọ̀ náà. Nígbà tó yọ ọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo fẹ́ lọ jà. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Nínú òwò àlùbọ́sà, bí àpò bá rà nísàlẹ̀, ẹnìkan kì í pariwo lé ẹni tó tà á. Wọ́n á gbé àpò náà padà, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lójú rẹ̀ àti lójú ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó fi ọjà rẹ̀ sọ́wọ́ obìnrin tó ń ta tàtàṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó ní ká máa lọ.

Ọkọ̀ wá di ìṣòro. Ìyá mi kò ní wọ tèmi, kò sì fẹ́ sọ pé òun kò ní wọ̀ ọ́. Mo bá a dá kẹ̀kẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wa ọkọ̀ bàbá mi tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ tó gbé ìyá mi láti Mile 12 dé Kẹ́tù, tó ń bojú wẹ̀yìn láti wò bóyá mo ṣì ń bọ̀, tó sì ń juwọ́ sí mi. Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó dùn mí pẹ̀lú, bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín náà.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi kí ọkùnrin náà, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ, ó jókòó. Ó gbé kátọ́ọ̀nù wa méjèèjì lé káńtà, ó na etí ìborùn rẹ̀ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé gbogbo irú rẹ̀ tó kù jáde. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó kó wọn jáde. Ìyá mi ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn símú, ó ń tò wọ́n sí ọ̀nà méjì, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí sí òsì, àwọn tí kò tíì ṣiṣẹ́ sí ọ̀tún. Ìdí òsì ń ga sí i. Ẹnìkan tó wá ra pílọ́ọ̀gì dúró wò ó. Ẹlòmíràn dúró tì í. Ẹni tó wá ra pílọ́ọ̀gì náà yọ pílọ́ọ̀gì tó ti sanwó rẹ̀ jáde, ó sì rọra gbé e síwájú ìyá mi pé kí Àlàájà jọ̀ọ́ bá òun fi imú kan èyí náà.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bẹ̀ wá pé kí a wọ inú lọ́hùn-ún ká sọ ọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kó wọn wá fún òun pẹ̀lú kátọ́ọ̀nù àti ọ̀rá rẹ̀ lòun ṣe ń tà wọ́n, òun kò mọ̀. N kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ti ra àpò tó rà nísàlẹ̀ rí, òun sì ti tà á rí kí òun tó mọ̀. Ojú tì mí fún iye ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ti kó jọ sẹ́nu. Ọkùnrin náà fún wa ní méjì láti apá ọ̀tún, kò bá wa jiyàn. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó rọra bi ìyá mi ní ìgbà tó máa ń ráyè, torí ọjà tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oníbàárà tó ra pílọ́ọ̀gì sọ pé òótọ́ ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kò jìnnà síbẹ̀. Ìyá mi ní òun kò padà sọ́jà mọ́ lónìí, òun fẹ́ rí ìparí rẹ̀. Wọ́n fún un ní bẹ́ǹṣì, ó jókòó bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun. Mẹkáníìkì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, ó pa á, ó fín òróró tó ń tú ìpẹtà sí ìdí àwọn ṣẹ́ńsọ̀ náà, ó sì ní ká dúró. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó ti tó. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bí òun bá fi agbára yí i, ibi tí wọ́n ti dè é máa bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á sì di odidi páìpù. Ó mú sípánà kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là kí wáyà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ti iwájú tú wẹ́rẹ́. Ti ẹ̀yìn, tó wà lábẹ́ ọkọ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó tún fín òróró sí i, ó tún dúró, ó tún yí i. Nígbà tó tú níkẹyìn, ó ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ìyá mi sì ṣe àlámúdù.

Mo gba ògbólógbòó iwájú náà sọ́wọ́. Kò ju àtàǹpàkò mi lọ, orí rẹ̀ ti dúdú kiki. Mo rò ó nínú mi pé ohun kékeré yìí ló gba ìyá mi lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ṣẹ́ńsọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ẹnu mi ni, ọjọ́ kan ni ì bá fi tán.

Ó fi ọwọ́ yí àwọn tuntun wọlé kó tó fi sípánà fún wọn, ó so wáyà wọn jìnnà sí ibi tó gbóná, ó pa ẹjọ́ àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí ọpọlọ ọkọ̀ náà, ó ní kí n ṣíná. Iná kékeré yẹn tàn, ó tàn fún bí ẹni ka méjì, ó sì kú. Mo dúró bóyá á padà. Kò padà. Mẹkáníìkì ní kátálísì lè gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó mọ́ tán, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú òórùn náà ti lọ. Ìyá mi dìde, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí páìpù èéfín náà. Mẹkáníìkì sáré di apá rẹ̀ mú, ó ní Àlàájà, ẹ dákun, ọ̀ọ́kán ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbọ́ ọ. Ó kó báàgì rẹ̀ méjèèjì, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì wọlé.

Ó tún yí gíláàsì sókè. Èmi ni n kò lè mí. Láti Kẹ́tù títí tí a fi há sínú gosiló, imú rẹ̀ ni mò ń wò ju ọ̀nà lọ.

Ó ní, "Iwájú ni kí o wò."

Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí bàbá mi ṣe máa ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó rí ejò ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òun kò fẹ́ sọ ọ́ fún àwa méjèèjì láti ọjọ́ yìí. Ó bi mí bóyá mo ti padà lọ gba èsì àyẹ̀wò ọmú yẹn. Mo ní mo ti gbà á, kò sí nǹkan kan, Ọlọ́run ṣeun. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun fi ń gbàdúrà lórí rẹ̀ láìlè béèrè. Mo fẹ́ sọ pé kí ló dé tí ẹ ò pè mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, mo bá ní kó máa bínú sí mi. Ó ní òun kò bínú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọjà. Ó ti ń wo ojú fèrèsé nígbà tó sọ ọ́.

"Bí mo bá jókòó sílé bí o ṣe wí, imú yìí á kú, bíi ti ọkọ̀ bàbá ẹ. Ta ni á wá bá mi pààrọ̀ rẹ̀?"

Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ nípa orúnkún àti ọjọ́ orí, mo gbé e mì. Mo ní kó máa tà á lọ, kó ṣáà jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá a gbé àpò. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun ti gbé àpò kẹ́yìn. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò béèrè rí.

A dé iwájú géètì rẹ̀ ní Ìkòsì. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo sì nawọ́ sí àwọn báàgì rẹ̀ kí n bá a gbé wọn wọlé. Kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó tún ìborùn rẹ̀ tí etí rẹ̀ dúdú náà dà sí èjìká, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

Ó ní, "Ṣíná padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà lọ́rùn mi, mi ò tíì sọ ìdajì."

Mo ṣíná. Iná kékeré náà tàn, ó kú, mo sì yí ọkọ̀ padà sí ọ̀nà Kẹ́tù, níbi tí gosiló ti pọ̀ jù.